Kí Ló Ṣẹlẹ̀ Lọ́jọ́ Tí Ẹ Pè Wá?

Ìyàwó mi kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwọn tó mọ ohun tó ṣe fún ilé iṣẹ́ wa máa ń rò pé òun náà gbọ́ nípa ẹ̀rọ. Kò gbọ́, kò sì wù ú láti gbọ́. Ó kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí ìwé kékeré kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo mílíìkì. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, mo máa ń rí ìwé náà láràárọ̀ tí mo bá fẹ́ po tíì. Mo bá a wí lọ́jọ́ kan. Ó ní olè tó bá ráyè dé ilé ìdáná òun, oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ wá.

Ohun tó mọ̀ ni bí a ṣe ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tó máa ń rán àwọn èèyàn káàkiri orílẹ̀-èdè láti ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n lọ béèrè iye ẹni tó ń gbé inú ilé, ohun tí wọ́n ń jẹ, àti ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Òun ló ń kọ́ àwọn tí wọ́n ń rán lọ. Ó lè wo fọ́ọ̀mù kan kó sì ní, "Ẹni yìí kò dé ilé yìí. Abẹ́ igi ló jókòó sí tó fi kọ ọ́." Bí wọ́n bá wádìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń bá a.

Èmi náà ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, èmi àti àbúrò kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka náà, a gba yàrá méjì ní Garki, Abuja, lórí òkè ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta aṣọ ilé ìwé, kò jìnnà sí Area 1. Iṣẹ́ tí a ń ṣe ni láti dáàbò bo kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì. A máa ń yẹ ẹ̀rọ wọn wò, a máa ń dí ibi tí olè lè gbà wọlé, tí olè bá sì ti wọlé, a máa ń lọ lé e jáde. Ọdún kìíní dára. Ọdún kejì náà kò burú. Nígbà tó di ọdún kẹta, a wá rí i pé àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa lọ́dún kan kì í tún un gbà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọn kò bínú sí wa. Tí a bá pàdé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń fọ̀yàyà kí wa. Wọn kàn kì í pè wá mọ́ ni.

Ìgbà náà ni báńkì kan ní Èkó ní kí n wá máa bójú tó ààbò kọ̀ǹpútà àwọn.

Ẹni tí kò bá mọ̀ wá yóò ní kí ló ṣòro níbẹ̀. Ohun tó ṣòro ni pé ìyàwó mi kò lè bá mi lọ. Ó ṣì ku ọdún púpọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ wa kan ṣoṣo, obìnrin, sì fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde. A sì ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Kò pẹ́ tí a ṣègbéyàwó ni wọ́n gbé e lọ sí Bauchi, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Oṣooṣù ni mo máa ń lọ wọkọ̀ ní gáréèjì Jabi, tí màá lọ lọ́jọ́ Ẹtì, tí màá padà lọ́jọ́ Àìkú. Bauchi ni ọmọ wa ti kọ́ ìrìn, lójú ìyá rẹ̀. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ rí i tó ń rìn, ṣe ló rìn kúrò lọ́dọ̀ mi, ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń yọjú wò mí bí ẹni ń wo àlejò. Ìyàwó mi rí ojú mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá gbé e padà sí Abuja, kò tíì sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀ tó fi sọ fún mi pé òun kò ní í sùn ní ìlú kan mọ́ kí èmi máa sùn ní òmíràn.

Nítorí náà, nígbà tí mo fi lẹ́tà Èkó hàn án, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó dá a padà fún mi. "Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí òjò dá ná kí ẹ tó fèsì," ó ní. Iwájú àlejò nìkan ló ti máa ń fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Tí ó bá fi bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí àlejò, ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún dé inú nìyẹn.

Mo kọ̀wé sí Èkó, wọ́n gbà pé kí òjò dá. Oṣù mẹ́ta péré ló kù.

Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ lọ bi àwọn tó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa léèrè ìdí tí wọ́n fi gbà á. Lójú tèmi, ìdí náà kò fara sin: olè ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ohun tó wà lórí ìwé ìpolówó wa náà nìyẹn, tòun ti àwòrán ọkùnrin kan tó fi aṣọ dúdú bo orí àti lẹ́tà pupa tó ń kọni lóminú. Àbúrò tí a jọ ní ilé iṣẹ́ náà ló ya àwòrán ọ̀hún, ó sì fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n nítorí kí àlàáfíà lè wà, mo mú ìwé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rìn ín.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo gbé ìwé náà fún un, létí omi Jabi, níbi tí a máa ń lọ jókòó sí tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Àgbàdo sísun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ṣí ìwé, ó ń fi ọwọ́ kejì jẹun. Inú mi dùn, nítorí pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ̀rọ̀ wa láìdáa.

Ó kà á tán. "Àdúrà lo kó wálé," ó ní. "Ìdáhùn dà?"

Mo ní kí ló ní lọ́kàn. Ó ní kí n sọ bí mo ṣe bi alàgbà kan báyìí léèrè, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó ní ilé ìtẹ̀wé. Mo sọ fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n dìde, mo bi wọ́n bí iṣẹ́ wa ṣe rí lójú wọn, wọ́n ní ó dára gan-an, pé Ọlọ́run yóò gbé wa dé ibi gíga. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

"O wà ní ìdọ̀bálẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn," ó ní. "Kí lo fẹ́ kí wọ́n sọ?"

 Ó ṣí ojú ìwé mìíràn, ó ní ẹni yìí ńkọ́, tó sọ pé iṣẹ́ wa kò lẹ́gbẹ́. Mo ní ìyẹn mọ̀ wá dáadáa. Ó ní, "O mú nǹkan lọ fún wọn àbí o ò mú nǹkan lọ?" Mo ní iṣu mẹ́ta péré ni. Ó gbé àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, àwọn tó ń rìn kọjá sì ń wò wá. Ó ní ó ti tó ogún ọdún tí òun ti ń kọ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí, òun kò tíì rí ẹni tó gbé iṣu lọ.

Lẹ́yìn náà ló wá dá ìwé náà padà fún mi. Ó ní kí n fàmì sí orúkọ gbogbo ẹni tó ti mọ̀ wá kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa: ará ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ìlú, ọmọ kíláàsì. Mo ń fàmì sí i lọ. Nígbà tí mo ṣe tán, orúkọ mẹ́rin péré ni kò ní àmì. "Ìwọ ni àwọn yòókù rà," ó ní. "Wọ́n ràn ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ojúṣe wọn parí. Àwọn mẹ́rin yìí ni kó o jẹ́ ká lọ bá."

Ó gba ìsinmi ọdún rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọdún náà la ti pinnu láti lọ sílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀kìtì, a kò sì lọ mọ́. Èmi ló ní kí n máa wa mọ́tò kí n sì máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ṣe òfin méjì fún mi: mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, mi ò sì gbọdọ̀ gbèjà ara mi. Ó ní bí mo bá fẹ́ lanu, òun yóò tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó tẹ̀ mí lọ́pọ̀ ìgbà.

Kì í béèrè ọ̀gá. Tí a bá dé ibì kan, yóò ní òun fẹ́ rí ẹni tó gbé fóònù tó fi pè wá. Yóò sọ fún ẹni náà pé ìyàwó ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ni òun, pé òun kò tajà, pé òun kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Yóò wá béèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ pè wá?" Kì í béèrè bóyá iṣẹ́ wa dára. Bí ẹni náà bá dáhùn tán, kò ní í sọ nǹkan kan. Ó sọ fún mi pé ṣe ni òun máa ń ka ení dé ẹ̀wá nínú òun, pé ìdáhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọmọlúàbí, èyí tó bá tẹ̀ lé ìdákẹ́jẹ́ ni tòótọ́.

Idu la kọ́kọ́ lọ, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń kó oògùn pamọ́ fún àwọn ilé ìwòsàn. Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin kò tíì máa rìn, ọ̀nà ibẹ̀ kún fún eruku àti àwọn ọkọ̀ ńlá. Obìnrin kan tó ń bójú tó ìwé ẹrù ló gbà wá lálejò, ọmọ Okun, tó tó ẹgbẹ́ ìyàwó mi. Ó dáhùn bó ṣe yẹ: kọ̀ǹpútà dákẹ́, ó wá ẹni tó lè tún un ṣe, a wá, a tún un ṣe, ó ń dúpẹ́. Ìyàwó mi dákẹ́. Mo gbọ́ bí fáànù ṣe ń dún.

Obìnrin náà wá tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́tà kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà òun tó dà bíi pé ọ̀gá òun ló kọ ọ́. Òun ṣí i, gbogbo ìwé ẹrù sì tì pa. Ó ní òun kò ronú nípa olè kankan. Ohun tó wá sí òun lọ́kàn ni ìpàdé òwúrọ̀ Mọ́ńdè, níbi tí ọ̀gá ti máa ń ní kí ẹni tó bá ṣàṣìṣe dìde dúró lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Òun pe ilé iṣẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan béèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní. Èkejì ní kí wọ́n kọ lẹ́tà. Ẹ̀kẹta ní òun yóò pè padà. Ẹ̀kẹrin ni tiwa.

"Ọkọ yín ló gbé e," ó ní. "Wọ́n ní kí n jókòó, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, pé àwọn ti ń bọ̀. Wọ́n dé, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì mí. Nígbà tí ọ̀gá mi wọlé, wọ́n sọ fún wọn pé ẹni tí orí rẹ̀ pé náà lè ṣí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, pé àwọn fúnra wọn ti ṣí irú rẹ̀ rí. Ọ̀gá mi kò bá mi wí. Mi ò lè gbàgbé."

Mo ti gbàgbé pátápátá. Mo rántí kọ̀ǹpútà náà. Mo rántí irú èèmọ̀ tó wọ inú rẹ̀ àti wákàtí tí a fi lé e jáde. Mi ò rántí àga.

Nígbà tí a padà sínú mọ́tò, ìyàwó mi kò tètè so bẹ́líìtì rẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé o máa ń jókòó ti èèyàn báyẹn," ó ní. Ó wojú mi bíi pé mo ti ìrìn àjò dé. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ.

Matirọ́ọ̀nù kan ní ilé ìwòsàn aládàáni ní Jabi sọ ohun tó jọ ọ́, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni káàdì gbogbo aláìsàn wà, kò sì sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè bi léèrè. Ẹ̀kẹta kò rántí ìdí tó fi pè wá, kò sì sí ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ìyàwó mi lè fà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ọkùnrin Hausa kan tó ni ilé ìwé, tó gbà wá fún oṣù kan péré tó sì dá wa dúró. Mi ò fẹ́ lọ síbẹ̀. Ìyàwó mi ní ibẹ̀ gan-an ni òun ń lọ. Ọkùnrin náà fún wa ní omi tútù, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé pé lẹ́yìn tí òun ka ìwé tí a kó fún àwọn olùkọ́ òun, òun bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá àwa gan-an ni olè náà. Ó ní, "Kai, ẹni tó mọ bí ẹ̀rù ṣe ń bani tó báyìí, ó lè jẹ́ òun ló ń dẹ́rù bani." Mo lanu. Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn náà la wá jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ láti kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí yóò sọ ẹni tí a jẹ́ àti ẹni tí a wà fún. Èmi ni mo ń kọ, òun ló ń pa á rẹ́. Gbogbo ohun tí mo bá kọ nípa ẹ̀rọ, yóò béèrè bóyá màdáámù Idu yóò mọ̀ pé òun là ń bá wí. Ọmọ wa á kọjá, á fi Gẹ̀ẹ́sì bi wá bóyá a kò tíì parí gbólóhùn kan láti ọjọ́ Túsìdé. Ohun tó kù nígbẹ̀yìn kò gùn: "Ẹ̀yin tí gbogbo ìwé ilé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, a ó wá jókòó tì yín." Lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù kan tí èèyàn gidi yóò máa gbé.

Ó túmọ̀ sí pé a kò ní í máa sáré tẹ̀ lé àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ńlá mọ́, àwọn tó ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tiwọn. Ó túmọ̀ sí pé ilé ìwòsàn aládàáni àti ilé ìkẹ́rùsí ni a ó gbájú mọ́, níbi tí ẹnì kan ti ń dá ẹrù gbogbo rẹ̀ gbé. Àbúrò tí a jọ ní ilé iṣẹ́ ka ìwé tuntun náà, ó wá àwòrán rẹ̀ tì. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé a ti di ẹgbẹ́ abánikẹ́dùn ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní kí n dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó sì máa bọ̀ ní ìpàdé.

Òjò dá. Eruku ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bo fèrèsé, Èkó sì ń retí èsì. Ìwé tuntun náà ti jáde, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kan péré ló ti tìtorí rẹ̀ gbà wá. Kò tó nǹkan tí olóye èèyàn fi ń kọ iṣẹ́ báńkì. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilé, mo jókòó sórí àpótí lójúkojú rẹ̀, mo ní kó sọ ohun tí màá ṣe fún mi.  Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní owó oṣù wọn dára, mo ní mo lè máa wálé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Kò sọ nǹkan kan. Mo wo ètè rẹ̀, ó ń mì díẹ̀, mo sì wá mọ̀ pé ṣe ló ń ka ení dé ẹ̀wá.

"Mi ò fẹ́ lọ," mo ní.

Ó gbójú sókè. "Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Mo kọ ọ́ sí Èkó kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Oṣù díẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò rọrùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin Idu sọ fún ẹlòmíràn ní òpópónà kan náà, matirọ́ọ̀nù sọ nínú ẹgbẹ́ wọn, àwọn tó gbà wá lọ́dún náà sì tún gbà wá lọ́dún kejì. Ọ́fíìsì náà ṣì wà ní Garki. Aṣọ ilé ìwé ni wọ́n ṣì ń tà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà la fi gbé pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ wa lọ sí yunifásítì ní Ìlọrin, ó ku àwa méjì nínú ilé. A máa ń lọ sétí omi ní Sátidé. Mo máa ń po tíì, mo sì ń rí pásíwọ́ọ̀dù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn tí màá fi gbólóhùn púpọ̀ ròyìn. Àìsàn tó mú ìyàwó mi lọ kò pẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin Idu wá. Àwọn èèyàn ti ń lọ, ti ń bọ̀ láti àárọ̀, wọ́n ń gbàdúrà, mo sì ń ṣe àmín. Kò gbàdúrà. Ó fa àga kan láti ìdí ògiri, ó jókòó tì mí. 

"Ọ̀gá," ó ní, "kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Mo dáhùn bí mo ṣe ń dá gbogbo èèyàn lóhùn, pé Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run ló gbà á. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Mo wá sọ fún un. Mo ní àárọ̀ ni, oòrùn ti wọ yàrá. Ìyàwó mi ní ògì wu òun, kí n má jẹ́ kó ki jù. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń ro ó, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀ níwájú mi, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń darí mi láti inú yàrá pé kí n pa iná, pé ó ti tó. Mo bu ú, mo gbé e wọlé. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó ki, ó rẹ́rìn-ín, ó sì di ọwọ́ mi mú. Mo jókòó tì í títí ó fi lọ.

"Mo wà nílé," mo sọ fún obìnrin Idu náà. "Mo wà nílé lọ́jọ́ náà."